Bàtà Baba Kí-lo-fẹ́-mọ̀

Ọjọ́ tí lífíìtì há sáàárín àjà kejì àti ìkẹta ni òkìkí Baba Kí-lo-fẹ́-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Iná lọ, lífíìtì gbọ̀n rìrì, ó dúró gbọin, òkùnkùn sì bo àwọn méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́kún, ó ń pe màmá rẹ̀.

"Ṣebí àbá ìwádìí rẹ lo gbé wá?" Baba bi í nínú òkùnkùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lífíìtì ló há, ẹnu rẹ ò há. Ó yá, kí lo fẹ́ mọ̀?"

Ni ọmọ ọlọ́mọ bá nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ rò, ó ṣàlàyé ohun tí àwọn tó ń takò wọ́n rò, ó wá ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóde, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń fi irin ṣí ilẹ̀kùn, akọ̀wé ẹ̀ka dúró tì wọ́n pẹ̀lú ife omi tútù, ó ń gbàdúrà. Nígbà tí ilẹ̀kùn là níkẹyìn, tí gbogbo wọn na ọwọ́ láti fa àgbàlagbà jáde, Baba ta ọwọ́ wọn dànù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í padà," ó ní. "Kò tíì dé ibi ìbéèrè."

Akẹ́kọ̀ọ́ inú lífíìtì yẹn ló wá di olórí ẹ̀ka lónìí. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ ìtàn náà níwájú rẹ̀. Tó bá ti kọjá lọ tán ni wọ́n tó máa ń sọ ọ́.

Àbíkẹ́yìn ló ń sọ ọ́ báyìí, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí ojú ọjọ́ mọ́ dáadáa, lẹ́nu ọ̀nà yàrá Baba tí wọ́n ti fi àgádágodo tì. Àbíkẹ́yìn ni gbogbo ẹ̀ka ń pè é, torí òun ni ọmọ tí Baba gbà kẹ́yìn. Akọ̀wé ẹ̀ka ló ń sọ ọ́ fún, obìnrin tó gbé omi tútù dání lọ́jọ́ náà gan-an. Kò dá a dúró. Ó mọ̀ pé bí ọmọ náà bá dákẹ́, ẹkún ló kàn, wọ́n sì ti sunkún tó.

Baba ti kú. Ó kú kó tó buwọ́ lu àbá ìwádìí Àbíkẹ́yìn. Láìsí àbá tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sí àpilẹ̀kọ. Láìsí àpilẹ̀kọ, oyè ọ̀mọ̀wé di àlá. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Bí ohun tó bá gbé wá kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àfi kó da gbogbo làálàá rẹ̀ nù, kó gba àkòrí mìíràn lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà wúwo láyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ ìtàn apanilẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ tó há yẹn, lífíìtì ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Àwọn olùkọ́ yòókù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, Baba nìkan ni kò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ òun ni yàrá rẹ̀ wà lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, níbi tí ooru àti àdán ti ń du àyè. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní lífíìtì ń ba ọmọ jẹ́. Èèyàn á dúró sójú kan, ẹ̀rọ á máa gbé e lọ, á wá rò pé òun lòun ń gòkè.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rí," ó ní, "bí wọ́n bá fi gírámà kọ àpilẹ̀kọ."

Bó ṣe sọ àtẹ̀gùn di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Kì í gbọ́ àbá ìwádìí lórí ìjókòó. Ìsàlẹ̀ lo máa ti pàdé rẹ̀, ẹ ó jọ máa gùn, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé òkè tó ò tíì sọ ohun tó o fẹ́ mọ̀, ó parí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Baba ní ẹni tó ń mí hẹlẹ kì í ráyè purọ́.

Ọ̀gá báńkì kan wà tó ti fẹ̀yìntì, tó ní òun náà fẹ́ di ọ̀mọ̀wé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Àkọlé tó gbé wá gùn ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Ó kà á nísàlẹ̀ tìgboyà-tìgboyà: "Àgbéyẹ̀wò ajẹmọ́-tíọ́rì lórí ìbáṣepọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé, ìfojúsọ́nà àti ìhùwàsí ìfowópamọ́ láwùjọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìntì." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní àjà kìíní, àgbéyẹ̀wò ti jábọ́. Ní ìkejì, a ò gbúròó tíọ́rì mọ́. Ní ìkẹta, ọkùnrin náà jókòó, ó tú táì ọrùn rẹ̀, ìfojúsọ́nà bá táì lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi dé òkè, ògiri ló dì mú.

"Baba," ó ní, "kí ló dé... tí àwọn arúgbó... fi ń tọ́jú owó... sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Baba bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn, sà."

"Má padà lọ ṣà wọ́n o."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun rántí ọkùnrin náà, pé nígbà tó gboyè rẹ̀, àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà wá mú ti àwọn àga wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ orí kejì, èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Lágbájá sọ pé, Tàmẹ̀dò fara mọ́ ọn, Làkáṣègbè tako àwọn méjèèjì. Bó ṣe rí láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn nìyẹn. Baba kà á tán. Nígbà tí ọmọ náà padà wá, ó bá gbogbo àga àjà náà nínú yàrá Baba, tí wọ́n fún mọ́ra wọn bí ẹni ń bọ̀ wá sípàdé. Baba ti lẹ orúkọ Lágbájá mọ́ ọ̀kan, ó lẹ Tàmẹ̀dò mọ́ èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Baba, níbo ni kí n jókòó sí?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ gan-an nìyẹn," ni Baba wí. "Ilé ti kún. Ìwọ tí wọ́n fẹ́ fún lóyè, kò sí àga rẹ níbẹ̀."

Ìdúró ló wà títí ìpàdé fi parí. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì ti dákẹ́, Baba á yíjú sí àwọn àga, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, ọmọ náà ń bọ̀ wá sọ tẹnu ẹ̀. Akọ̀wé ní òun lòun dá àwọn àga náà padà, ẹ̀yìn sì dun òun fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí tó ṣòro fún Àbíkẹ́yìn jù láti sọ ni ti oṣù ẹkún. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ètò iṣẹ́ rẹ̀ wá, tó pín ọdún sí oṣù, tó ní nínú oṣù yìí òun á kàwé, nínú tọ̀hún òun á fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, nínú èyí tó kàn òun á kọ̀wé, Baba á fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀.

"Ó dára. Oṣù ẹkún dà?"

"Sà?"

"Oṣù tí kọ̀ǹpútà máa bàjẹ́. Tí ẹni tó o fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò máa rí ọ lókèèrè, táá gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Tí ìwọ fúnra rẹ máa dùbúlẹ̀, tí wàá máa wo òrùlé. Fi í sí i."

Kò ní buwọ́ lù ú àfi tí wọ́n bá fi í sí i. Àwọn ètò iṣẹ́ tó jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì ẹ̀ka títí di òní, oṣù ẹkún sì wà nínú gbogbo wọn. Àbíkẹ́yìn náà fi tirẹ̀ sí i. Ìparí ọdún tó ń bọ̀ ló fi í sí. Kò mọ̀ pé ó máa ṣíwájú àsìkò rẹ̀ dé.

Bàtà Baba ló máa ń kọ́kọ́ dé kó tó dé. Bàtà aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan ni, tó ti ń wọ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ń ké. Ẹsẹ̀ òsì á ní kíì, ẹsẹ̀ ọ̀tún á ní kẹ́ẹ̀, wàá gbọ́ ọ láti àjà méjì. Bí wọ́n bá ti ń gbọ́ ọ, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn á fa bírò yọ, wọ́n á máa fagi lé àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ti gboyè, ó ti láya, ó ti bímọ, síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ bá ké, bírò ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà ni Àbíkẹ́yìn gbé wá, àmọ́ kì í ṣe bàtà Baba. Ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí ni bàtà tí àwọn èèyàn gbé fún ṣúmékà pé kó bá àwọn tún ṣe, tí wọn ò sì padà wá gbà. Kò sí ìsọ̀ ṣúmékà tí kò ní irú wọn. Wọ́n máa ń wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn oníṣẹ́, eruku á bò wọ́n, okùn wọn á ti gan. Àbíkẹ́yìn ti ń lọ káàkiri ìsọ̀, ó ń bi àwọn ṣúmékà léèrè ta ló ni èyí, ìgbà wo ló gbé e wá, kí ló sọ nígbà tó ń lọ. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ ni wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀ka náà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Baba bá ti ní, "Kí lo fẹ́ mọ̀?" ohun tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìtúpalẹ̀ ìhùwàsí ìpatì ohun-ìní láàárín oníṣẹ́-ọwọ́ àti oníbàárà."

"Padà sísàlẹ̀," Baba á ní.

Àtẹ̀gùn tirẹ̀ pẹ́ ju ti gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ, torí pé ọkàn Baba ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka mọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ ọ́, àfi akọ̀wé.

"Baba, ẹ jẹ́ ká gbé yàrá yín wá sísàlẹ̀. Dókítà ní kí ẹ má gun àtẹ̀gùn mọ́."

"Dókítà wo?"

"Dókítà yín, Baba."

"Ṣé ó kọ àpilẹ̀kọ?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́."

"Nígbà tó bá kọ àpilẹ̀kọ, kó wá bá mi lórí àtẹ̀gùn."

Bó ṣe ń gùn ún nìyẹn. Tó bá dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yà, á di fèrèsé mú, á ní kí Àbíkẹ́yìn wá wo ẹyẹ kan tó rẹwà. Àbíkẹ́yìn á yọjú. Kò ní rí nǹkan kan àfi ògiri ilé kejì, tó ti dúdú fún òjò. Á dúró títí èémí Baba á fi wálẹ̀.

"Ẹyẹ náà dáa, sà," á ní.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí Baba ṣe ń rọra gùn, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí èémí fi purọ́. Baba ló kọ́kọ́ fura. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Sáré lọ sókè pátápátá," ó ní. "Kó o tún sáré padà wá bá mi."

"Èmi nìkan, sà?"

"Èmi ni mo fẹ́ gboyè ni?"

Àbíkẹ́yìn sáré lọ, ó sáré bọ̀. Nígbà tó padà dé, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ojú rẹ̀ ń ṣú.

"Kí lo fẹ́ mọ̀?"

"Mo fẹ́ mọ... ìdí tí màmá mi... kò fi jẹ́ ká lọ gba bàtà bàbá mi!"

Ó ti jáde. Kò sí bó ṣe máa kó o padà. Ló bá sọ ìyókù: pé láàárọ̀ ọjọ́ kan bàbá òun gbé bàtà rẹ̀ fún ṣúmékà ìkángun àdúgbò, ó ní òun á gbà á tóun bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó wọ sálúbàtà lọ. Ibi iṣẹ́ ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́. Ṣúmékà ránṣẹ́ títí ó fi sú u. Màmá ní kẹ́nikẹ́ni má lọ. Láti ìgbà tí Àbíkẹ́yìn ti wà lọ́mọdé ni bàtà náà ti wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ń gba iwájú ìsọ̀ yẹn kọjá, ṣe ni màmá rẹ̀ máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Baba bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyẹn ni," ó ní. "Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ yẹn."

"Baba, kò dún bí ọ̀rọ̀ yunifásítì."

"Yunifásítì á kọ́ ọ."

Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́yìn délé, ojú tì í. Ó rò ó pé ta ló máa gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀. Ó jókòó, ó tún fi gírámà bò ó mọ́lẹ̀ bámúbámú. Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ti gbé Baba lọ sílé ìwòsàn.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ìyẹn sì dùn ún ju àìsàn lọ. Ó ní ilé ìwòsàn wo ni kì í ní àtẹ̀gùn, pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀dì lásán ni wọ́n fi ń gbé orí èèyàn sókè níbí. Àbíkẹ́yìn ka àbá tuntun náà fún un. Baba di ojú, ó ń gbọ́, ó yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ yìí. Ó fẹ́ sáré yí ilé ìwòsàn ká."

Nọ́ọ̀sì rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sóde, ó sì sáré yí ilé ìwòsàn ká nínú òjò, ó gba ẹ̀yìn yàrá ìdáná wọn àti ibi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, àwọn tó wá kí aláìsàn ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tó máa fi padà wọlé, omi ń ro lára rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbólóhùn náà sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Baba ti sùn lọ. Nọ́ọ̀sì fi ìka kan ẹnu, ó ní kó jẹ́ kí wọ́n sinmi, kó padà wá lọ́la. Àbíkẹ́yìn gbé gbólóhùn náà mì.

Baba ò rí ọ̀la náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, òjò ò dá. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn: kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sunkún níbẹ̀ tí kò ń ro ẹni tó máa wá buwọ́ lu tòun. Àtẹ̀gùn ni wọ́n gbé pósí gbà wọ inú gbọ̀ngàn, àtẹ̀gùn náà sì ga. Ní ìdajì rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e dúró, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ni ohùn kan bá wá láti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́: "Kí lo fẹ́ mọ̀?" Gbogbo ìlà náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, tí àwọn àgbà ẹbí ń bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìntì ló sọ ọ́. Kò sẹ́ o.

Olórí ẹ̀ka ló gba Àbíkẹ́yìn lẹ́yìn ìsìnkú. Ó jókòó sí yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀ wò díẹ̀, ó pa á dé.

"Bàtà kẹ̀?" ó ní. "Baba ń ṣe tiwọn ni o, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Èmi ní àwọn àkòrí tó dáa nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ò ní gba bàtà."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e síwájú wọn wò, sà."

"Bí wọ́n bá dá ọ padà, ọ̀kan nínú tèmi lo máa mú. Kì í ṣe ìjà."

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìgbìmọ̀ ṣe kò. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Àbíkẹ́yìn ń sọ ìtàn fún akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà yàrá Baba; nígbà tó sọ ọ́ tán, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ibi tó máa fi àárọ̀ náà sí. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dé, ti ṣúmékà ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ó ní kí òun kúkú lọ síbẹ̀ kí ọkàn òun má bàa já kó tó dọ̀sán.

Ṣúmékà náà ń fi gọ́ọ̀mù lẹ gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan. Ó gbọ́ ohun tí Àbíkẹ́yìn bá wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí bàtà tí wọn ò wá gbà bá ń sọni dolówó, òun ò bá ti kọ́lé. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ará yunifásítì náà kúkú wà níbẹ̀. Ẹ wo tọ̀gá yín kan. Mo ti pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tipẹ́, wọn ò tíì wá."

Bàtà aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Àbíkẹ́yìn dì í mú.

"Àgbàlagbà yẹn ò ṣeé bá dúnàádúrà," ni ṣúmékà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní kí n fi awọ tó nípọn sí i, àwọn ṣì ní àtẹ̀gùn láti gùn, pé àbíkẹ́yìn àwọn ò tíì dé òkè. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ n bá yín mú igbe rẹ̀ kúrò. Háà! Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fọ́ mi létí. Wọ́n ní tí n bá fọwọ́ kan igbe yẹn, àwọn á mú mi. Wọ́n ní òun ni àwọn ọmọ fi ń mọ̀ pé ó tó àsìkò láti sòótọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n dà, ṣé ara wọn le?"

Ṣúmékà ò tíì gbọ́. Ó gbójú sókè, ó ń retí èsì, gọ́ọ̀mù ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Gbogbo ìlú ló ti sọ ọ́, Àbíkẹ́yìn fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ àti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́.

"Wọ́n ń bọ̀," ó ní. "Ẹ bá wọn gbé e sí i. Wọ́n ń bọ̀ wá gbà á."

Ó gbé bàtà náà padà sí àyè rẹ̀, ó jáde. Ó dé abẹ́ igi iwájú ilé ìkàwé kó tó yé e ohun tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ó dúró nínú òjò, ó rí màmá rẹ̀ tó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú ìsọ̀ ìkángun àdúgbò, láti ọdún dé ọdún, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ fún màmá rẹ̀ lọ́nà tí kò bàjẹ́ rí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Àjà kẹta ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ nígbà tó já wọlé, omi ń ro lára rẹ̀, ìwé rẹ̀ ti rin, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Àánú rẹ̀ ṣe olórí ẹ̀ka.

"Jókòó," ó ní. "Kọ́kọ́ mí ná."

"Rárá, sà," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Tí n bá mí, màá purọ́."

Wọ́n wojú ara wọn. Kò dúró dè wọ́n.

"Mo fẹ́ mọ ìdí... tí èèyàn fi ń fi bàtà òkú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ṣúmékà. Màmá mi ṣe é. Ó ti pẹ́. Mo bínú sí wọn. Èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán, lẹ́yìn ilé ìkàwé níbẹ̀ yẹn. Mo rò pé bàtà tí kò tíì kúrò níbẹ̀... ẹni tó ni ín ṣì ní ohun tó máa wá gbà. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Olórí ẹ̀ka gbé ètò iṣẹ́ rẹ̀ tó ti rin, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, ìka náà sì dúró síbì kan.

"Oṣù ẹkún," ó kà á. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ìparí ọdún tó ń bọ̀ lo fi í sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ mò ń lò ó lọ́wọ́."

"Ta lo máa kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò?"

"Màmá mi, sà. Tí wọ́n bá gbà."

Olórí ẹ̀ka bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó yíjú sí akọ̀wé, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti máa kọ ohun tí ìgbìmọ̀ bá sọ.

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn," ó ní. "Ó ti dé ibi ìbéèrè."

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀, tó ti ń bínú sí ìtàn yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n buwọ́ lu àbá náà kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ.

Nígbà tó ń lọ sílé, Àbíkẹ́yìn gba ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ó ti pinnu pé òun á sòótọ́ fún ṣúmékà, òun á gba bàtà náà, òun á gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá òkè. Ó sọ òótọ́ náà. Ṣúmékà fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó gbé bàtà náà fún un. Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àtẹ́lẹ̀ tuntun náà wò.

Kíì. Kẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni omijé. Ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbi àpò ìwé, ó ń wá bírò. Nígbà tó nujú tán, ó dá bàtà náà padà sọ́wọ́ oníṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sórí pẹpẹ òkè pátápátá," ó ní. "Wọ́n fẹ́ràn òkè."

Pẹpẹ òkè ga. Ṣúmékà fa àpótí, ó gùn ún, ó ń mí hẹlẹ.